Ta Ni Kókó Rédíò Wà Ní Ọwọ́ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe nìkan, ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí ó ní etí ni. Ó dá lórí ẹ̀yà kékeré kan nínú rédíò, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti po ìgbì méjì pọ̀ kí ẹ̀kẹta lè jáde. Míkísà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Ìbéèrè wa ni pé: kí ni ẹ̀yà yìí ṣe nínú ìtàn àwa tí à ń gbọ́ rédíò ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí di òní?

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun àtijọ́ lásán ni à ń tú jáde, ẹ jẹ́ kí a fi Lẹ́kkí Phase 1 ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Míkísà wà ní ẹnu dííṣì tí ó kọjú sí ojú ọ̀run lórí òrùlé àwọn ilé ibẹ̀. Ó wà nínú rédíò ọkọ̀ tí ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Ó wà nínú fóònù tí ó wà ní àpò awakọ̀ àti ní ọwọ́ ẹni tí ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò sí ìdílé kan níbẹ̀ tí kò ní ju ẹyọ kan lọ, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀.

Èrò tí a fẹ́ gbé síwájú yín ni pé ẹ̀yà yìí wà lára ohun tí ó gbé àṣẹ ohun tí a ó gbọ́ kúrò ní ọ́fíìsì ìjọba, tí ó sì gbé e sí ìka ọwọ́ olùgbọ́. Àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójú kan. Bí a kò bá mọ ọ̀nà tí ó gbà dé ọwọ́ wa, a kò ní fura nígbà tí ó bá ń bọ́.

Ìgbà Okùn

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1932 ni BBC bẹ̀rẹ̀ ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ fún gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì. Daventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn náà ti ń jáde, lórí ìgbì kúkúrú tí ó lè la òkun kọjá. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba amúnisìn dá ètò kan sílẹ̀ ní Èkó tí wọ́n pè ní Radio Distribution Service, wọ́n sì fi sí ìkáwọ́ Iléeṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ àti Wáyà. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní 1939, Kánò gba tirẹ̀ ní 1944.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ìjọba ní ẹ̀rọ kan tí ó ń gba ìgbì láti òkè òkun. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ti sọ ìgbì di ohùn tán, wáyà ni yóò gbé ohùn náà láti orí òpó dé orí òpó, títí yóò fi wọ ilé àwọn tí ó ń san owó rẹ̀. Àpótí tí ó wà lára ògiri ilé wọn kò ju ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ. Kò ní kókó róbótó tí a fi ń yí rédíò láti ibùdó kan dé òmíràn, nítorí pé kò sí ibùdó mìíràn tí ó lè yí sí.

Àwọn baba wa wo àpótí yìí, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, èyíinì ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Orúkọ náà bá gbogbo rédíò mu, ṣùgbọ́n ti ara ògiri yìí ni ó bá mu jù lọ. Kì í ṣe pé olùgbọ́ kò lè fèsì nìkan. Kò tilẹ̀ lè kọ etí sí ẹlòmíràn. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó gbọ́ tàbí kí ó pa á.

Kí a má ṣe àìṣòótọ́ sí ìtàn: ẹ̀tàn nìkan kọ́ ni ó bí ètò yìí. Rédíò gidi wọ́n nígbà náà, iná mànàmáná kò sì dé ọ̀pọ̀ ilé. Wáyà a máa gbé ohùn tí kò ní ariwo wọlé, àpótí náà kò sì gun olówó kékeré lágara. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí bí a ṣe pín in: ẹ̀rọ tí ó lè yan ibùdó wà ní ọwọ́ ìjọba, ìdí okùn nìkan ni ó wà ní ọwọ́ ará ìlú. Ní àkókò kan náà, abúlé apẹja, iyanrìn àti irà ni ọ̀pọ̀ nínú ibi tí à ń pè ní Lẹ́kkí Phase 1 lónìí. Ètò tí ó dúró lórí òpó àti wáyà kì í yá kánkán dé irú ibẹ̀. Kí ohùn tó lè dé ibi tí òpó kò dé, ẹ̀rọ tí ó lè dá ìgbì mú fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ohun tí tálákà lè rà.

Kí Ibùdó Wá Bá Asẹ́

Kí ni ó mú kí rédíò gidi nira láti ṣe? Afẹ́fẹ́ dà bí ọjà ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún: gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà ẹ́ríà tí a bá ta sókè kì í yan ẹni tí yóò gbọ́. Gbogbo ìgbì ni ó ń kó wọlé. Iṣẹ́ rédíò ni láti mú ẹyọ kan nínú wọn, kí ó lé àwọn ìyókù dànù, kí ó sì sọ èyí tí ó mú, tí agbára rẹ̀ kéré jọjọ, di ohun tí etí lè gbọ́.

Ohun tí a fi ń dá ibùdó kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì ni ìwọ̀n ìmì rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì rẹ̀ ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ní ibùdó kan wà lórí 1,000 kHz, ìgbì rẹ̀ ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ àwọn rédíò àkọ́kọ́ gbìyànjú láti sẹ́ ibùdó jáde ní ojú ìwọ̀n tí ó wà gan-an. Asẹ́ kan kò tó, nítorí náà wọ́n á to asẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ̀ lé ara wọn. Bí olùgbọ́ bá fẹ́ ibùdó mìíràn, gbogbo asẹ́ wọ̀nyí ni ó gbọ́dọ̀ yí papọ̀ láìsí èyí tí ó ṣáájú tàbí tí ó kẹ́yìn. Ìṣòro kejì sì ni pé àwọn fáàfù ìgbà náà kò lè fi bẹ́ẹ̀ fún ìgbì tí ń yára mì ní agbára.

Ọgbọ́n tí ó tú ìṣòro yìí rọrùn láti sọ: dípò kí a máa gbé asẹ́ lọ bá ibùdó, kí a mú ibùdó wá bá asẹ́. Kí a ṣe asẹ́ kan tí ó dára gan-an, kí a fi ìdí rẹ̀ sọlẹ̀ ní ojú ìwọ̀n kan tí kì í yí padà, kí a sì wá ohun tí yóò sọ ibùdó yòówù tí olùgbọ́ bá fẹ́ di ìwọ̀n yẹn. Ohun náà ni míkísà.

Reginald Fessenden, ọmọ Kánádà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ ronú kan ọ̀nà yìí ní 1901. Ó rí i pé bí a bá po ìgbì tí ó wọlé pọ̀ mọ́ ìgbì mìíràn tí a dá sílẹ̀ fúnra wa, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì yóò jáde gẹ́gẹ́ bí ìgbì titun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ó lè dá irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ dáadáa nígbà náà. Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Lucien Lévy mú èrò náà lọ sí ọ́fíìsì ìwé-àṣẹ ní ilẹ̀ Faransé ní 1917. Walter Schottky ronú kàn án ní Jámánì ní 1918. Ní ọdún 1918 kan náà, Edwin Armstrong, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó wà ní Paris, ṣe tirẹ̀, òun sì ni ó sọ ọ́ di odindi ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí superheterodyne. Amẹ́ríkà fún un ní ìwé-àṣẹ ní 1920, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ parí, ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí Lévy jáde. Ọgbọ́n kan náà kan ilẹ̀kùn ilé mẹ́ta.

Iléeṣẹ́ RCA bẹ̀rẹ̀ sí ta irú rédíò yìí fún ará ìlú ní 1924, ó sì di ìwé-àṣẹ rẹ̀ mú títí di 1930 kí ó tó gbà kí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn máa ṣe é. A rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìbéèrè ta ni yóò dì í mú ti wà lára ẹ̀yà yìí.

Ìṣirò Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Báwo ni ìgbì méjì ṣe ń bí ẹ̀kẹta? Bí a bá da àgbàdo àti ẹ̀wà sínú igbá kan náà, ẹni tí ó ní sùúrù lè ṣà wọ́n sọ́tọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì méjì rí bí wọ́n bá kàn pàdé nínú wáyà: wọ́n wà papọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun titun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí a bá da omi eérú mọ́ àdín, tí a sì gbé e ka iná, ọṣẹ ni yóò jáde, ọṣẹ kì í sì í ṣe eérú, kì í ṣe àdín. Míkísà nílò irú iná bẹ́ẹ̀. Iná rẹ̀ ni fáàfù, daódù tàbí tiransísítọ̀ tí a tò lọ́nà tí kì í fi dáhùn lọ́gbọọgba: bí a bá fi ìlọ́po méjì fún un, ohun tí yóò dá padà kì í ṣe ìlọ́po méjì geere. Nínú àìdọ́gba yìí ni ìgbì titun méjì ti ń jáde, ọ̀kan jẹ́ àròpọ̀ àwọn méjèèjì, èkejì jẹ́ ìyàtọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ibùdó Lagos Traffic Radio ṣe é, èyí tí àwọn awakọ̀ Lẹ́kkí mọ̀ sí 96.1 MHz. Nínú rédíò FM, ojú ìwọ̀n tí a fi asẹ́ sọlẹ̀ sí ni 10.7 MHz. Bí awakọ̀ bá yí kókó rédíò rẹ̀ sí 96.1, ẹ̀yà kan tí à ń pè ní oscillator yóò dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 106.8. Míkísà po méjèèjì pọ̀: àròpọ̀ wọn, 202.9, di ohun ìdànù. Ìyàtọ̀ wọn, 10.7, gba inú asẹ́ kọjá, ó sì gbé ohùn ibùdó náà dání. Bí ó bá yí i sí Radio Lagos, 107.5, oscillator yóò lọ sí 118.2, ìyàtọ̀ náà yóò tún jẹ́ 10.7. Asẹ́ kò kúrò ní ipò rẹ̀. Kókó tí a ń fi ọwọ́ yí, oscillator ni ó ń yí jù lọ.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí ní ẹ̀tàn nínú, ẹni tí yóò sì ṣe rédíò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí oscillator wà ní 106.8, kì í ṣe 96.1 nìkan ni ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10.7, 117.5 náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó fi 10.7 ga ju 106.8 lọ. Míkísà kò mọ èyí tí olùgbọ́ fẹ́. Ìgbì kejì yìí ni a lè pè ní òjìji. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń fi asẹ́ kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà, ṣáájú míkísà, kí ó lé òjìji padà kí ó tó wọlé.

Níbí yìí ni a ti ń rí ọgbọ́n ẹni tí ó yan 10.7. Ìpele FM bẹ̀rẹ̀ láti 88, ó parí sí 108, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 MHz. Òjìji a máa jìnnà sí ibùdó ní ìlọ́po méjì 10.7, ìyẹn 21.4. Nítorí náà, òjìji ibùdó FM kan kò lè jẹ́ ibùdó FM mìíràn láéláé. Ti ìgbì kúkúrú kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni 455 kHz. Ó mú kí asẹ́ já fáfá, kí ó lè ya ibùdó tí ó sún mọ́ra nípa, ṣùgbọ́n ó mú òjìji súnmọ́ itòsí. Ibùdó tí ó wà ní 6 MHz, òjìji ń kò ó lójú ní 6.91. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó gbọ́ rédíò ìgbì kúkúrú ni yóò rántí pé ibùdó kan náà a máa hàn ní ojú méjì lórí rédíò. Kì í ṣe iṣẹ́ àǹjọ̀nú. Iye owó tí ẹni tí ó ṣe rédíò náà fẹ́ ná sórí asẹ́ ẹnu ọ̀nà ni ó fà á.

Àwọn tí ń tún rédíò ṣe mọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà tiwọn. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò tiransísítọ̀ tí ó ti ilẹ̀ Japan wá, kóìlì kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n máa ń bá pàdé fún ìgbì aláàárín: pupa, yẹ́lò, funfun àti dúdú. Pupa ni ti oscillator. Àwọn mẹ́ta yòókù ni asẹ́. Ọmọṣẹ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́, tí ó fi tọ́ńnáfíìsì yí pupa bí ó ti wù ú, yóò rí i pé gbogbo ibùdó ti kúrò ní àyè wọn lójú rédíò. Rédíò náà kò bàjẹ́. Ìṣirò rẹ̀ ni ó yẹ̀.

Bí Ó Ṣe Dé Pálọ̀ Wa

Nígbà tí ó di 1933, àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ṣe fáàfù kan tí ó lè dá ìgbì sílẹ̀ kí ó sì pò ó nínú ara rẹ̀. Irú fáàfù bẹ́ẹ̀ sọ iṣẹ́ ẹni méjì di ti ẹnì kan, owó rédíò sì bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Ní 1949, wọ́n gbé rédíò kan jáde ní Northern Rhodesia, tí à ń pè ní Zambia lónìí. Bátìrì ni ó ń lò, inú àpótí tí ó rí róbótó bí ìkòkò ni wọ́n ṣe é sí, owó rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí pọ́n-ùn márùn-ún. Ó fi hàn pé rédíò lè bọ́ lára ògiri àti lára òpó.

Lọ́dọ̀ tiwa, Nigerian Broadcasting Service bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ó sì di àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1957. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà láàárín méjèèjì tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ní 1953, nígbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira dá awuyewuye sílẹ̀, Gómìnà John Macpherson sọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ Action Group lórí rédíò. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un. Asọ̀rọ̀mágbèsì wá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí ó le jù lọ. Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde ni pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pinnu láti ní ibùdó tirẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, rédíò WNBS sì tẹ̀lé e.

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti kọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sábà ń sọ. Ibùdó kejì kò wúlò fún ẹni tí kò lè yí kókó. Bí gbogbo ilé bá ṣì wà lórí okùn kan ṣoṣo, ẹni tí ó ni okùn náà ni yóò yan èyí tí yóò gbé gba orí rẹ̀. Rédíò tí ó ní míkísà tirẹ̀ ni ó sọ ẹ̀tọ́ láti fèsì di ẹ̀tọ́ tí ó ní etí tí ń gbọ́ ọ.

Tiransísítọ̀ ni ó wá parí iṣẹ́ náà. Rédíò Regency TR-1 jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1954, tiransísítọ̀ mẹ́rin péré ni ó wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan nínú wọn ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ oscillator àti ti míkísà pọ̀. Sony gbé tirẹ̀ jáde ní Japan ní 1955. Láàárín ọdún mẹ́wàá sí i, irú rédíò bẹ́ẹ̀ ti dé orí kẹ̀kẹ́, dé oko kòkó, dé abẹ́ ibùsùn. Bátìrì kéékèèké ni oúnjẹ rẹ̀. Okùn ara ògiri di ohun àtijọ́.

Àwọn kan lè bi wá pé: òmìnira wo ni ó wà nínú kókó rédíò, nígbà tí gbogbo ibùdó orílẹ̀-èdè yìí jẹ́ ti ìjọba títí di ìgbà tí òfin ìjọba ológun ti 1992 ṣí ilẹ̀kùn, tí Raypower 100.5 sì bẹ̀rẹ̀ ní 1994? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìgbì kì í mọ ẹnubodè. Nígbà ogun abẹ́lé láti 1967 dé 1970, ẹni tí ó ní rédíò ìgbì kúkúrú lè gbọ́ Èkó, kí ó gbọ́ Radio Biafra, kí ó tún gbọ́ BBC, kí ó tó fi òye ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Ní 1994, ìjọba ológun ti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Concord, Punch àti Guardian pa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1996, lẹ́yìn tí wọ́n ti yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá ní Èkó ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, àwọn tí ó wà ní ìgbèkùn nítorí ìjà fún ìjọba tiwa-n-tiwa fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdó wọn ní Radio Kudirat. Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tí ó dúró tì í. Ìjọba lè fi ẹ̀wọ̀n ti ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé. Kò lè wọ inú ilé kọ̀ọ̀kan lọ tú oscillator kúrò nínú rédíò ìgbì kúkúrú tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Lẹ́kkí Òde Òní

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Lẹ́kkí Phase 1, kí a yẹ ẹ̀rọ mẹ́ta wò níbẹ̀. Rédíò ọkọ̀ ni àkọ́kọ́. Ìṣòro rẹ̀ lónìí kì í ṣe àìsí ibùdó bí kò ṣe àpọ̀jù. Bí ìgbì ibùdó méjì tí ó lágbára bá jọ ya wọ inú míkísà tí kò dára, yóò bí ọmọ tí a kò bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀wẹ̀. Ẹ mú Bond FM, 92.9, àti Wazobia FM, 95.1: ìlọ́po méjì 95.1 láìsí 92.9 jẹ́ 97.3. Olùgbọ́ yóò bá ohùn rúdurùdu pàdé ní 97.3, ojú ìwọ̀n tí kì í ṣe ti ọ̀kankan nínú ibùdó méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí yóò ṣe míkísà fún ìlú ńlá gbọ́dọ̀ ronú nípa ariwo aládùúgbò ju bí ẹni tí ó ń ṣe é fún abúlé yóò ti ronú lọ.

Dííṣì ni èkejì. Ìgbì tí ó ń ti sátẹ́láìtì bọ̀ ń mì ní nǹkan bí bílíọ̀nù mọ́kànlá ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 11,000 MHz. Bí a bá ní kí wáyà gbé e láti orí òrùlé wá sí pálọ̀, yóò ti kú sọ́nà. Nítorí náà ni a ṣe gbé míkísà lọ sí ẹnu dííṣì gan-an: oscillator ibẹ̀ wà ní 9,750, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,250 MHz, èyí tí wáyà lè gbé délé. Ọgbọ́n Armstrong náà ni, lórí òrùlé, nínú afẹ́fẹ́ òkun oníyọ̀ tí ń jẹ irin.

Fóònù ni ẹ̀kẹta, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ GSM mú wọ ìgboro ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001. Míkísà inú rẹ̀ kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó sì já fáfá ju ohunkóhun tí Armstrong rí lọ.

Ṣùgbọ́n ta ni kókó rẹ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀? Oscillator inú fóònù kì í gbọ́ ti olóhun. Òpó iléeṣẹ́ ni ó ń pàṣẹ ojú ìwọ̀n tí yóò dúró sí. Dííṣì a máa gba ìgbì lọ́sàn-án lóru, síbẹ̀ bí owó oṣù bá tán, àwòrán yóò pa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó sì ti ń gbọ́ rédíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ń gba inú okùn abẹ́ òkun wọlé. Okùn Equiano tí Google ṣe gúnlẹ̀ sí etíkun Lẹ́kkí ní 2022. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ dínà Twitter, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kìíní ọdún 2022. Wọn kò fọwọ́ kan fóònù ẹnikẹ́ni. Ìdí okùn ni wọ́n dì mú, gẹ́gẹ́ bí ti 1935.

A kò sọ pé fóònù burú. Ó gba èsì, ohun tí asọ̀rọ̀mágbèsì kò ṣe rí; bí ó bá jẹ́ pé ó wà ní 1953, Awólọ́wọ̀ kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ gómìnà. Ohun tí a ń sọ ni pé kì í ṣe bí ẹ̀rọ ti jẹ́ titun tó ni a fi ń mọ̀ bóyá àṣẹ wà ní ọwọ́ ẹni tí ó rà á. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: bí ẹni tí ó wà ní ìdí okùn bá sọ pé rárá, ǹjẹ́ ohun kan kù tí mo lè fi ọwọ́ ara mi yí?

Iṣẹ́ Ilé-Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń ṣe ohun kan kò lè béèrè ìbéèrè gidi lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún un. Míkísà kì í ṣe awo. Tiransísítọ̀ kan, kóìlì díẹ̀ àti kapásítọ̀ díẹ̀ tó láti kọ́ ọ lórí tábìlì ilé-ẹ̀kọ́, àròpọ̀ àti àyọkúrò nìkan sì ni ìṣirò rẹ̀ kọ́kọ́ ń béèrè.

Bí kò bá tilẹ̀ sí owó irinṣẹ́, ẹ wá rédíò FM àtijọ́ méjì tí a ń fi ọwọ́ yí. Ẹ yí ọ̀kan sí 100.5, kí ó máa sọ̀rọ̀. Ẹ gbé èkejì sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ ní agbègbè 89.8. Nígbà tí ẹ bá dé ojú rẹ̀ gan-an, ohùn rédíò àkọ́kọ́ yóò ṣàdédé pa, nítorí pé 89.8 àti 10.7 jẹ́ 100.5: oscillator rédíò kejì ni ó ti bọ́ sójú ibùdó náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ èyí ti rí inú ẹ̀rọ náà láìtú u. Láti ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ 10.7, ìdí tí òjìji fi wà, àti ohun tí òun lè ṣe kí tòun dára ju ti ọjà lọ. Ìbéèrè kẹta yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹnjiníà.

Nígbà tí àwọn baba wa wà lórí okùn, wọn kò ní ẹ̀rọ tí ó lè yan, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Àwa ní i lórí òrùlé, nínú ọkọ̀ àti nínú àpò. Ẹ̀yin alájùmọ̀jíròrò wa, ilẹ̀ rèé o: bí àwa tí a ní míkísà púpọ̀ tó báyìí kò bá lè ṣe ẹyọ kan, tí a kò sì bìkítà ẹni tí ń yí i fún wa, kí ni a ó sọ pé a fi sàn ju ẹni tí ó ní àpótí lára ògiri lọ?